Sìmẹ́ǹtì Ọjọ́ Mẹ́ta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ẹ bá mi kí àǹtí mi. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ òtútù tí wọ́n hun dé, apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo wọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé fóònù kò wúlò fún etí yín mọ́ láti ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré nídìí iṣẹ́ bíríkìlà ti bà á jẹ́. Lẹ́tà ni màá máa kọ, bó tilẹ̀ ń lò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà.

Ẹ ní ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹnì kan, ẹni náà sì rẹ́rìn-ín yín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Pápá síkéètì ni mo ń ṣọ́. Síkéètì ni pákó pẹlẹbẹ kan tó gùn tó apá, tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin lábẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á dúró lé e, wọ́n á sì máa fi sáré lórí kọnkéré. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni pápá náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn kan tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti kòtò rìbìtì kan tó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Inú kòtò yẹn ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù.

Láràárọ̀, kí n tó ṣí géètì, mo gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀, kí n fi ọwọ́ pa etí kòtò, kí n sì fi àmì sí fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá dé akoto kò gbọdọ̀ wọlé. Pátákó kan wà lẹ́nu géètì tó sọ pé ẹni tó bá wọlé, ewu ara rẹ̀ ló gbé dání.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Kọnkéré ti là nísàlẹ̀ kòtò, níbi tí gẹ̀rẹ́ ti pàdé ilẹ̀ títẹ́. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì ti fẹ̀ débi tí táyà síkéètì lè há sí i. Òfin kò gbà mí láyè láti fọwọ́ kàn án. Agbaṣẹ́ṣe tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè tún un ṣe. Tèmi ni kí n kọ ọ́ sí ìwé pélébé, kí n sì jù ú sínú àpótí ọ̀gá mi. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ọjọ́ kẹtàdínlógún àti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó kọjá, àti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yìí. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. Mo ta okùn yí i ká, ọ̀gá ní kí n tú u, pé àwọn ènìyàn ń ráhùn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo lẹ ṣe máa dí i? Mo kàn ń béèrè ni.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Fóòmáànù kékeré mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ara wa le. Orúnkún mi kò yí padà, kò sì bàjẹ́ sí i. Àǹtí rẹ ní apá aṣọ tó gùn yẹn, ìwọ ló ń fà á.

Iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Kí wọ́n máa sanwó fún ènìyàn kó lè wo ibi tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n kọnkéré ni kọnkéré. O ní o kàn ń béèrè ni. Èmi ló bí ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ tí o ti ń béèrè lọ́wọ́ mi báyẹn, kí n tó mọ̀, o ti ki ọwọ́ bọ inú àpò sìmẹ́ǹtì.

Fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹnu ibi tó là, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ. Fọ eruku kúrò. Rin ín lómi, má jẹ́ kí omi dúró níbẹ̀. Yanrìn jíjọ̀, òṣùwọ̀n méjì, sìmẹ́ǹtì, òṣùwọ̀n kan. Tẹ̀ ẹ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa, kí o sì tẹ́ ẹ kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Fi àpò tútù bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méje. Mo tún un sọ, ọjọ́ méje, kí ẹsẹ̀ ẹyẹ pàápàá má kàn án.

Ihò tí o bá ti rí, tìrẹ ni. Má dúró de ẹni tí kò rí i. Bí wọ́n bá béèrè, sọ pé ó dí ara rẹ̀.

Fọ́tò ara rẹ tí mo ní kí o yà fún mi, mi ò tíì rí i.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ sì kà á ní ẹ̀yin nìkan.

Mo dí i. Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù tó kọjá, tí pápá kì í ṣí. Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ ọ́, mi ò fo ohunkóhun. Mo ta okùn padà. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá pè mí lórí fóònù pé ẹjọ́ okùn tún ti dé ọ́fíìsì, kí n tú u kí ọ̀sán tó pọ́n. Mi ò lè sọ fún un ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan sì dúró lẹ́bàá okùn náà, wọ́n ń pè é ní Àwòdì nítorí bó ṣe máa ń fò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ní, “Àǹtí, inú kòtò nìkan ni mo lè kọ́ èyí tí mo ń kọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́.” Mo fi àtàǹpàkò tẹ sìmẹ́ǹtì náà, ó le. Mo tú okùn.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Àwòdì sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò. Apá kan lára ohun tí mo fi dí i ti ṣí bí èèpo. Táyà iwájú kọ lù ú. Pákó dúró, òun kò dúró. Akoto rẹ̀ là sí méjì. Wọ́n ní akoto yẹn ni kò jẹ́ kó kú. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, ìbàdí rẹ̀ náà ṣẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé. Kò sunkún. Ó ń béèrè pé kí ló dé tí òun ò mọ ẹsẹ̀ òun lára.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n wọn ibẹ̀, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ọ̀kan fi èékánná họ sìmẹ́ǹtì náà, ó ní tuntun nìyí. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ta ló dí i. Mo ní mi ò mọ̀.

Ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí, orí iṣẹ́ yìí ló dúró lé. Ẹ má sọ fún àǹtí mi. Ẹ̀yin àti èmi nìkan la mọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì yín, mo sì mọ̀ pé kò tíì lè dé. Mo kọ èyí nítorí ó ń kán mi lójú.

Ìyá Àwòdì, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, ti pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa fún mi ní lọ́yà kan, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé pátákó ẹnu géètì yẹn lágbára dé ibì kan. Ẹni tó bá fò tó sì já ara rẹ̀ lulẹ̀, ewu ara rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ní àbùkù, tí ẹni tó ni ilẹ̀ mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, pátákó kò lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ máa wádìí ni bóyá wọ́n mọ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ò mọ̀. Wọ́n ṣí àpótí ọ̀gá lójú lọ́yà, kò sí ìwé mi kankan níbẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò rí ìwé kankan rí. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Bóyá ẹlòmíràn ló kó wọn dànù. Mi ò mọ̀.

Mo rántí lẹ́tà tí mo kọ sí yín lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ìwé náà sínú àpótí wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sì wà lára àpòòwé, oṣù kan gbáko kí ọmọ náà tó ṣubú. Lọ́yà ní ẹ̀rí tó dúró gírí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í ránṣẹ́, lẹ́tà àti àpòòwé. Mo mọ̀ pé mo béèrè lọ́wọ́ yín nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa dí i. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún lọ́yà. Ẹ ṣáà fi í ránṣẹ́ ná.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ keje dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àǹtí rẹ béèrè kí ló ṣe mí, mo ní orúnkún ni.

Má sọ nǹkan kan. O ti ní o ò mọ̀, máa bá a lọ pé o ò mọ̀. Sìmẹ́ǹtì ò lẹ́nu.

Màá sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Kí wọ́n tó bí ọ, mo jẹ́ fóòmáànù níbi ilé alájà mẹ́ta kan. Àwọn igi tí a fi gbé òrùlé ró kò pọ̀ tó, mo sì kọ ọ́ sí bébà kékeré kan, mo fi rán ẹni tó ni ilé. Òrùlé náà wó, ó sì pa ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa po kọnkéré. Bébà tí mo kọ ni wọ́n gbé síwájú mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lórí ilẹ̀ àtìmọ́lé. Ẹni tó ni ilé kò sùn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ìwé tó ní ọjọ́ lára, ẹ̀rù rẹ̀ a máa bà mí.

Nítorí náà, lánàá, kí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè, mo kó lẹ́tà rẹ méjèèjì, ti oṣù kẹta àti ti oṣù yìí, mo sun wọ́n nínú páànù lẹ́yìn ilé. Mo fi igi ro eérú rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dè ọ́ mọ́.

Tèmi tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, sun ún.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé. Lọ́wọ́ tí ẹ ń dáná sun tèmi, èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í ránṣẹ́ ti wà lọ́nà. Ó ti gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo gbọ́ ti ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ó sì dùn mí pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó lè sọ pé mo kígbe kí ilé tó wó, ẹ ti rò ó pọ̀ mọ́ eérú.

Ẹ kọ ojú ìwé méjì, Bàbá. Ẹ ò béèrè ọmọ náà.

Mo lọ kí i. Wọ́n fi irin há ẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà yọ síta lára rẹ̀ bí èyí tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ lórí òpó nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àjà kejì. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Àǹtí Akoto, ẹ wò mí, mo ti di ilé àkọ́patì.” Wọn ò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà máa gùn tó èkejì. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dìde fún mi ní àga.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti rí ọ̀nà tuntun. Wọ́n ní níbi púpọ̀, àwọn onísíkéètì máa ń ra sìmẹ́ǹtì fúnra wọn, wọ́n á sì dí ibi tó bá là. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń ṣe é. Lọ́yà wọn ní Àwòdì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dí i, wọ́n rú òfin, wọ́n sì ṣe ara wọn léṣe, ìyá rẹ̀ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ohunkóhun. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ẹ̀bi máa já lé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo rú òfin iṣẹ́ mi, mo sì parọ́ fún àwọn tó wá wádìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè mí lẹ́jọ́ fúnra mi, kí wọ́n sì dá mi padà sílé lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn ẹlẹ́rìí. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá ń rin inú kòtò láràárọ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ṣí lábẹ́ mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ẹ̀bi mi ni. Mi ò ní dọ́gbọ́n sí i.

Lẹ́tà tí o fi béèrè dé ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí mo fi tèmi ránṣẹ́. Mo lọ wo páànù náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n gbọ́. Àpòòwé ti oṣù kẹta kò jóná. Àǹtí rẹ ti mú un láti máa kó bọ́tìnnì sí. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ hàn ketekete.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, kí o tó wọ ilé ìwé, pẹ̀lú pẹ́ńsù káfíńtà lórí pákó. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi lo ń kọ títí dòní. Ẹnikẹ́ni ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ra irú bébà tí o máa ń lò. Mo jókòó, mo sì tún lẹ́tà náà kọ, bí mo ṣe rántí rẹ̀, àwọn ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbẹ̀. Ibi tí o ti béèrè bí mo ṣe máa dí i, mo fò ó. Lẹ́tà náà wà nínú àpòòwé rẹ̀, inú èyí ni mo fi sí.

Gbé e fún lọ́yà. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, o kọ lẹ́tà náà lóòótọ́, èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni mo tún un ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ á dáhùn fún ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó dí ihò, kí wọ́n máa wá a.

Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìyá rẹ. Má lọ fi ara rẹ fún wọn. Mo mọ bí ilẹ̀ àtìmọ́lé ṣe rí. Ọjọ́ orí mi kò gbà á mọ́ kí n máa ka ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Báwo ni ẹsẹ̀ ọmọ náà?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí àǹtí mi. Ilé ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó dè mí. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ ka ìyókù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà tí ẹ kọ fi wà nínú àpò mi. Ẹ mọ iṣẹ́ yín. Bí mo ṣe máa ń yí ìdí álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo gbé e dé kóòtù. Títí mo fi dé orí àga ẹlẹ́rìí, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe.

Lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀ béèrè ta ló dí ihò náà. Mo ní, “Èmi ni.”

Ó béèrè ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi, bíríkìlà ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ṣé bíríkìlà àgbà ló sọ fún mi pé kí ènìyàn fi síkéètì gùn ún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní rárá, ọjọ́ méje ni wọ́n sọ, èmi ni mo tú okùn. Mo sọ ti ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú, mo dárúkọ ọjọ́ wọn. Ó béèrè ẹ̀rí. Mo ní mo kọ ọ́ sí bàbá mi, lẹ́tà náà ti jóná. Ó ní, ó mà ṣe o. Wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n dá ẹjọ́ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Wọn ò lè dá ọmọ náà lẹ́bi mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dúró, nítorí kò sí ohun tó dì í mú. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti gba ìwé ìrìnnà mi títí wọ́n á fi pinnu bóyá wọ́n máa pè mí lẹ́jọ́. Lọ́yà mi kò bínú. Ó kàn ní kí n sùn dáadáa, nítorí ó máa pẹ́.

Ìyá Àwòdì bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí, mo sì dúró kó lè ṣe é. Ó béèrè bóyá ọmọ òun bẹ̀ mí kí n tú okùn. Mo ní ó bẹ̀ mí. Ó béèrè bóyá mo lè sọ pé rárá. Mo ní mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, ó sì lọ pe ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹ béèrè. Wọ́n yọ irin méjì. Yóò kúrú díẹ̀.

Mo fi lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ padà sí yín nínú èyí. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tí mi ò kọ sí tèmi. Ẹ kọ ọ́ lórúkọ mi pé: “Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, bí ẹnì kan bá ṣubú síbẹ̀.” Mo wá a nínú ọkàn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò kọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ pé mo kàn ń béèrè ni. Ẹ ti gbọ́ ẹ̀rù náà nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, ẹ sì fi ìwọ̀n yanrìn dá mi lóhùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Èyí ni mo kọ fúnra mi.

Ọmọ yín